ÀWÒRÁN ỌBA ÀTI ÀWÒRÁN ỌLỌ́RUN
Ọ̀rọ̀ lórí àwọn ọba àti aláṣẹ ilẹ̀ Faransé

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, nígbà tí àwọn ọ̀tá Olúwa wa dẹ okùn fún un nípa ọ̀rọ̀ owó-òde, ó ní kí wọ́n mú owó kan wá kí òun wò ó, ó sì bi wọ́n léèrè pé àwòrán ta ni ó wà lára rẹ̀. Ìbéèrè kúkúrú ni, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà wá, kò sí ìjọba kan ní ayé tí ó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí owó tí a ya orí Késárì sí bá jẹ́ ti Késárì, ènìyàn tí a dá ní àwòrán Ọlọ́run, ti ta ni í ṣe?

Nínú ọ̀rọ̀ yìí a fẹ́ fi ìtàn àwọn aláṣẹ ilẹ̀ Faransé dáhùn ìbéèrè náà. A yan ilẹ̀ náà nítorí pé ní Yúróòpù, kò wọ́pọ̀ kí àwọn ọba fi àwòrán, ère àti ẹ̀sìn gbé ìtẹ́ wọn ró tó bí wọ́n ti ṣe é níbẹ̀, kò sì wọ́pọ̀ kí gbogbo rẹ̀ wó lulẹ̀ ní gbangba tó bẹ́ẹ̀. Ẹni tí ó bá kọ́ láti ka àwòrán ọba bí a ti ń ka ìwé yóò mọ ohun tí ọba náà fẹ́ kí àwọn ènìyàn gbà gbọ́ nípa òun. Bí ó bá sì gbé òfin tí ọba náà fi ọwọ́ sí kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán náà, yóò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni àwòrán náà ń sọ.

I. ÒRÓRÓ TI ÌLÚ REIMS

Nígbà tí ọ̀rúndún karùn-ún lẹ́yìn ìbí Olúwa wa ń lọ sí òpin, Clovis, ọba àwọn ènìyàn Frank, gba ìrìbọmi láti ọwọ́ Remigius, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Reims. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún lẹ́yìn ikú àwọn méjèèjì ni ìtàn kan bẹ̀rẹ̀ sí tàn kálẹ̀, pé àdàbà kan ni ó gbé ìgò òróró wá láti ọ̀run fún ìrìbọmi náà. Wọ́n tọ́jú ìgò náà sí Reims, láti inú rẹ̀ ni wọ́n sì ti ń bu òróró ta sí orí ọba kan tẹ̀lé òmíràn. Bí ọba bá ti gba òróró yìí tán, wọ́n gbà pé kì í ṣe ènìyàn lásán mọ́. Oyè rẹ̀ ni Ọba tí ó jẹ́ Onígbàgbọ́ jùlọ. Àwọn aláìsàn tí ọrùn wọn wú tí ó sì di egbò a máa tò níwájú rẹ̀ kí ó lè fi ọwọ́ kàn wọ́n, nítorí wọ́n gbàgbọ́ pé bí ọba bá fọwọ́ kàn wọ́n, Ọlọ́run yóò wò wọ́n sàn.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pe ọba ní kábíyèsí kò ní ṣàì mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Ọba tí a gbà pé ọwọ́ Ọlọ́run gan-an ni ó fi òróró yàn án, ta ni yóò bi í léèrè? Bẹ́ẹ̀ ni ó sì rí pẹ̀lú Ìjọ. Ní 1516, François I bá Póòpù Leo X ṣe àdéhùn pé ọba ni yóò máa yan àwọn tí yóò jẹ́ bíṣọ́ọ̀bù ní ilẹ̀ Faransé. Àwòrán rẹ̀ tí a gbà pé Jean Clouet yà ní nǹkan bí 1530 wà ní Louvre ní Párísì títí di òní. Kò dé adé nínú rẹ̀. Fìlà pẹlẹbẹ kan ni ó dé, ọwọ́ rẹ̀ kan di ìbọ̀wọ́ mú, èkejì sinmi lórí èèkù idà. Ṣùgbọ́n èjìká rẹ̀ àti apá aṣọ rẹ̀ gbòòrò tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi fẹ́rẹ̀ẹ́ kún inú àwòrán láti etí dé etí, bí ẹni pé kò sí ààyè fún ẹlòmíràn níbi tí ọba bá wà.

II. ỌBA TÍ Ó FI ÀÀYÈ SÍLẸ̀

Lákòókò François yìí náà ni ẹ̀kọ́ àtúnṣe Ìjọ wọ ilẹ̀ Faransé. Ní 1536 ni John Calvin, ọmọ ilẹ̀ náà tí ó ti sá kúrò níbẹ̀, tẹ ìwé ńlá rẹ̀ lórí ẹ̀kọ́ ìgbàgbọ́ jáde, ó sì kọ ọ̀rọ̀ ìṣáájú rẹ̀ sí François fúnra rẹ̀, ó ń bẹ̀ ẹ́ kí ó gbọ́ ẹjọ́ àwọn tí a ń ṣe inúnibíni sí. Ọba kò gbọ́. Láti 1562, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín àwọn Àgùdà àti àwọn Huguenot, gẹ́gẹ́ bí a ti ń pe àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì ilẹ̀ náà. Ogun náà jà, ó dáwọ́ dúró, ó tún jà, títí ọdún mẹ́rìndínlógójì fi kọjá.

Ohun tí ó burú jùlọ nínú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 24 oṣù kẹjọ 1572, ọjọ́ Bátólómíù Mímọ́, nígbà tí a bẹ̀rẹ̀ sí pa àwọn Huguenot ní Párísì, tí pípa náà sì tàn dé àwọn ìlú mìíràn, títí ẹgbẹẹgbẹ̀rún fi kú. Charles IX ni ó wà lórí ìtẹ́. Ẹni tí ó bá wo àwòrán Charles tí François Clouet yà yóò rí ọ̀dọ́mọkùnrin jẹ́jẹ́ kan tí ó wọ aṣọ dúdú tí a fi wúrà ṣe iṣẹ́ sí lára. Kò sí ẹ̀jẹ̀ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ayàwòrán kan tí ń jẹ́ François Dubois, Huguenot tí ó sá lọ sí ilẹ̀ Switzerland, ya òmíràn, èyí tí ó wà ní ìlú Lausanne. Nínú tirẹ̀, òkú kún ojú ọ̀nà, òkú kún inú odò Seine, obìnrin kan tí ó wọ aṣọ dúdú sì dúró ti òkìtì òkú níwájú ààfin. Catherine de Médicis ni a máa ń sọ pé obìnrin náà jẹ́, ìyá ọba. Ìjọba kan náà ni àwòrán méjèèjì ń sọ ìtàn rẹ̀. Ẹni tí ó rí ọ̀kan kò tíì rí ìjọba náà.

Henri ti Navarre, ọ̀dọ́ Huguenot, fẹ́ àbúrò ọba ní ọjọ́ mẹ́fà péré ṣáájú ìpakúpa náà, òun pàápàá sì yè é ní díẹ̀. Ní 1589 ìtẹ́ kàn án, ó di Henri IV, ṣùgbọ́n Párísì ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọn nítorí ìgbàgbọ́ rẹ̀. Ní ọjọ́ 25 oṣù keje 1593, ní ilé ìjọsìn Saint-Denis, ó fi ẹ̀sìn Pùròtẹ́sítáǹtì sílẹ̀ ó sì wọ Ìjọ Àgùdà. Nítorí pé Reims wà lọ́wọ́ àwọn ọ̀tá rẹ̀, ìlú Chartres ni wọ́n ti ta òróró sí i lórí ní oṣù kejì 1594, òróró mìíràn tí kì í ṣe ti inú ìgò Clovis. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ti bá a wí pé ó fi ìgbàgbọ́ ra adé, a kò sì ní jókòó gẹ́gẹ́ bí onídàájọ́ lórí ọkàn rẹ̀. Èyí tí a lè wò ni iṣẹ́ tí ó fi adé náà ṣe.

Ní oṣù kẹrin 1598 ó fi ọwọ́ sí òfin tí a mọ̀ sí Òfin ti Nantes. Òfin náà gbà pé a kò gbọdọ̀ yọ Huguenot lẹ́nu nítorí ohun tí ó gbà gbọ́, níbikíbi tí ó bá ń gbé ní ilẹ̀ Faransé. Ó fún wọn ní àwọn ibi tí wọ́n ti lè máa sìn ní gbangba, ó fún wọn ní ẹ̀tọ́ láti di ipò mú nínú ìjọba, ó sì fi àwọn ìlú olódi díẹ̀ sí ìkáwọ́ wọn kí ọkàn wọn lè balẹ̀. Kì í ṣe òmìnira pátápátá, nítorí Ìjọ Àgùdà ni ó ṣì jẹ́ ìjọ ti ìjọba. Ṣùgbọ́n ní ayé ìgbà náà, ohun ńlá ni kí ọba wí nínú òfin pé ibì kan wà nínú ènìyàn tí òun kò ní wọ̀. Ní 1610 ọkùnrin kan tí ó kórìíra rẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀ ẹ̀sìn gún un pa ní ìgboro Párísì.

III. BÍ A TI Í KA ÀWÒRÁN LOUIS XIV

Ọmọ-ọmọ Henri ni Louis XIV, ẹni tí ó gorí ìtẹ́ ní 1643 nígbà tí kò tíì pé ọmọ ọdún márùn-ún, tí ó sì wà níbẹ̀ títí di 1715, èyíinì ni ọdún méjìléláàádọ́rin. Ní 1701, Hyacinthe Rigaud ya àwòrán rẹ̀ kan. Philip V, ọmọ-ọmọ rẹ̀ tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọba ní Spain, ni ó yẹ kí wọ́n fi ránṣẹ́ sí. Ṣùgbọ́n ó dùn mọ́ Louis nínú tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi pa á mọ́ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Gíga rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mítà mẹ́ta, ó sì ju ìdúró ènìyàn lọ. Ẹ jẹ́ kí a kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀.

Aṣọ ìlékè tí ó wà ní èjìká ọba jẹ́ aláwọ̀ búlúù, òdòdó lílì oníwúrà sì kún ara rẹ̀. Òdòdó yìí ni àmì ìdílé ọba ilẹ̀ Faransé. Inú aṣọ náà jẹ́ awọ ẹranko olówó iyebíye kan tí irun rẹ̀ funfun báláú. Ẹ̀gbà wúrà ti ẹgbẹ́ Ẹ̀mí Mímọ́, ẹgbẹ́ àwọn ìjòyè tí ó ga jùlọ ní ilẹ̀ náà, wà ní ọrùn rẹ̀. Idà tí a fi ń jẹ ọba, tí wọ́n ní ó ti ọwọ́ Charlemagne wá, wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Adé kò sí ní orí rẹ̀: ó wà lórí tìmùtìmù lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, pẹ̀lú ọ̀pá tí a gbẹ́ ọwọ́ sí lórí, tí í ṣe àmì ìdájọ́ òdodo. Ọ̀pá aládé ni ọba dì mú, ṣùgbọ́n ó dorí rẹ̀ kodò, ó sì ń fi í tilẹ̀ bí ọ̀pá ìtilẹ̀ lásán. Ẹni tí kò mọ̀ yóò rò pé àṣìṣe ni. Kì í ṣe àṣìṣe: ó fẹ́ kí a mọ̀ pé agbára ti mọ́ òun lára tó bẹ́ẹ̀ tí òun fi lè máa fi ohun èlò rẹ̀ ṣeré.

Wàyí o, ẹ wo ojú àti ẹsẹ̀. Ojú náà jẹ́ ojú arúgbó ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta, ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ti jìn, ẹnu rẹ̀ sì ti súnkì. Ṣùgbọ́n ẹsẹ̀ tí ó nà síwájú, nínú ìbọ̀sẹ̀ funfun àti bàtà tí gìgísẹ̀ rẹ̀ pupa, jẹ́ ti ọ̀dọ́mọkùnrin tí ń jó. Ní tòótọ́, ọba yìí ti jẹ́ oníjó dáradára nígbà èwe rẹ̀. Ayàwòrán náà kò purọ́ nípa ojú, nítorí gbogbo ènìyàn mọ ojú náà. Ṣùgbọ́n ó fi ẹsẹ̀ sọ pé ara ọba lè gbó, ìjọba rẹ̀ kì í gbó. Èyí ni ẹ̀kọ́ ìsìn tí ó wà nínú àwòrán náà, bí a kò tilẹ̀ kọ lẹ́tà kan sí i.

Rigaud kò sì nìkan ṣiṣẹ́ yìí. Ní 1686 wọ́n gbé ère Louis kalẹ̀ ní gbàgede kan ní Párísì tí ń jẹ́ Place des Victoires. Ìṣẹ́gun gbé adé òdòdó sókè sí orí rẹ̀, ìgbèkùn mẹ́rin tí a fi ẹ̀wọ̀n dè jókòó sí ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì kọ sí i ní èdè Látìnì ni pé fún Ọkùnrin Aláìkú ni. Ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ́wọ́ ìgbàgbọ́ ní ọjọọjọ́ Ìsinmi mọ ẹni kan ṣoṣo tí a lè pe orúkọ yìí mọ́.

IV. ÒFIN MÉJÌ NÍNÚ ỌDÚN KAN

Ẹ jẹ́ kí a wá gbé òfin kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwòrán. Ọdún 1685 nìkan ni a ó mú.

Ní ọjọ́ 18 oṣù kẹwàá ọdún náà, ní ààfin Fontainebleau, Louis XIV fi ọwọ́ sí ìwé tí ó fa òfin bàbá bàbá rẹ̀ ya. Ó ti ń fi àwọn sójà wọ̀ sí ilé àwọn Huguenot láti ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, kí wọ́n máa jẹ wọ́n run, kí wọ́n sì máa fìyà jẹ wọ́n títí wọn yóò fi yí padà. Nísinsin yìí ó ní kí a wó gbogbo ilé ìjọsìn wọn. Àwọn pásítọ̀ tí kò bá yí padà gbọ́dọ̀ kúrò ní ilẹ̀ náà láàárín ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ṣùgbọ́n ọmọ ìjọ tí kì í ṣe pásítọ̀ kò gbọdọ̀ lọ: ọkùnrin tí a bá mú lójú ọ̀nà yóò lọ fi ẹ̀wọ̀n lẹ́sẹ̀ tu ọkọ̀ ogun ọba. Síbẹ̀, nǹkan bí 200,000 ènìyàn sá lọ, sí Hóláàǹdì, sí Jámánì, sí Gúúsù Áfíríkà, àti sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, níbi tí àwọn ahunṣọ ṣẹ́dà nínú wọn ti sọ Spitalfields ní Lọ́ńdọ̀nù di ìlú iṣẹ́ ọwọ́. Ìjọ tiwa ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti fi ààyè fún irú wọn tipẹ́ ṣáájú: láti ọ̀rúndún kẹrìndínlógún ni àwọn tí ó sá wá ti ń fi èdè Faransé sìn ní abẹ́ ilé kàtídírà Canterbury.

Lára àwọn tí kò lè lọ ni ìdílé Marie Durand wà. Ní 1730, lábẹ́ Louis XV, a jù ú sí ẹ̀wọ̀n nínú ilé ìṣọ́ Aigues-Mortes ní gúúsù ilẹ̀ Faransé, nígbà tí ó jẹ́ ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, nítorí pé arákùnrin rẹ̀ jẹ́ oníwàásù. Bí ó bá ti lè sọ gbólóhùn kan pé òun kọ ìgbàgbọ́ òun sílẹ̀, ìbá ti jáde. Kò sọ ọ́. Ọdún méjìdínlógójì ni ó lò níbẹ̀. Ní 1768 ni wọ́n tó tú u sílẹ̀. Lára òkúta ilẹ̀ yàrá náà, a ṣì lè rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tí a fi nǹkan ha sí i, tí a sì gbà pé ọwọ́ rẹ̀ ni ó ha á: ẹ dúró ṣinṣin, ẹ má ṣe gbà. Kò sí ẹni tí ó ya àwòrán Marie Durand nígbà ayé rẹ̀. Òkúta yẹn wà lára ohun tí ó fi sílẹ̀.

Òfin kejì ti ṣáájú ti Fontainebleau jáde nínú oṣù kẹta ọdún kan náà. Code Noir ni orúkọ tí a wá ń pè é, èyíinì ni Òfin Àwọn Dúdú, fún àwọn erékùṣù tí ilẹ̀ Faransé ti ń fi ẹrú gbin ìrèké. Ó bẹ̀rẹ̀ bí òfin ẹ̀sìn: kí a lé àwọn Júù jáde, kí a ri gbogbo ẹrú bọmi, kí a sì kọ́ wọn ní ẹ̀kọ́ Ìjọ Àgùdà, kí ẹnikẹ́ni má ṣe mú wọn ṣiṣẹ́ ní ọjọ́ Ìsinmi. Ẹni tí ó bá kà á dé ibẹ̀ lè máa yọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá tẹ̀ síwájú, yóò rí i níbẹ̀ pé ẹrú jẹ́ ẹrù ilé tí a lè pín bí ogún. Yóò sì rí i pé ẹrú tí ó bá sá lọ fún oṣù kan, kí a gé e ní etí méjèèjì, kí a sì fi irin gbígbóná tẹ òdòdó lílì sí i ní èjìká. Bí ó bá tún sá, kí a gé iṣan ẹsẹ̀ rẹ̀, kí a sì tẹ òdòdó náà sí èjìká kejì. Bí ó bá di ẹlẹ́ẹ̀kẹta, kí a pa á.

Ẹ̀yin ará, òdòdó tí ó kún aṣọ búlúù nínú àwòrán Rigaud náà ni èyí. Ní èjìká ọba, wúrà ni. Ní èjìká ẹrú, ojú iná ni. Bí a ti ń tẹ orí ọba sí ara owó, bẹ́ẹ̀ ni a tẹ àmì rẹ̀ sí ara ènìyàn, ara tí a ti kọ́kọ́ ri bọmi ní orúkọ Baba àti Ọmọ àti Ẹ̀mí Mímọ́. Ọ̀rọ̀ náà kò sì jìnnà sí wa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn tí a kó lọ sí Saint-Domingue ní ọ̀rúndún kejìdínlógún jẹ́ ẹ̀jẹ̀ tiwa, àwọn tí Faransé ń pè ní Nàgó. Abẹ́ òfin yìí ni wọ́n gbé, abẹ́ rẹ̀ ni ọ̀pọ̀ wọn sì kú sí.

V. ÌGBÀ TÍ ÈRE WÓ

Ìgbà kì í lọ bí òréré. Louis XVI, ẹni tí ó gba òróró Reims ní 1775, kì í ṣe ìkà ènìyàn. Ní 1787 ó fi òfin kan dá ẹ̀tọ́ ìgbéyàwó àti ìforúkọsílẹ̀ ọmọ padà fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì. Ṣùgbọ́n gbèsè ti wọ ìjọba lọ́rùn, ebi ń pa àwọn ènìyàn, ìdìtẹ̀ ńlá sì bẹ̀rẹ̀ ní 1789. Ní òru ọjọ́ 20 sí 21 oṣù kẹfà 1791, ọba àti ìdílé rẹ̀ sá kúrò ní Párísì. Ó para dà bí ìránṣẹ́ nínú ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin. Ní ìlú kékeré kan tí ń jẹ́ Sainte-Menehould, Drouet, ọ̀gá ibùdó tí a ti ń pààrọ̀ ẹṣin, wo ojú ọkùnrin náà. Ó wí lẹ́yìn náà pé òun dá a mọ̀ nítorí pé ó jọ àwòrán tí ó wà lára owó bébà ìjọba. Drouet gun ẹṣin ṣáájú lọ sí Varennes, ibẹ̀ ni a sì ti dá ọba dúró. Àwòrán tí a tẹ̀ kí gbogbo ènìyàn lè máa bọ̀wọ̀ fún ọba ni ó fi ọba hàn.

Ní ọjọ́ 21 oṣù kìíní 1793 a bẹ́ ẹ lórí ní gbàgede tí a ti kọ́kọ́ fi orúkọ bàbá bàbá rẹ̀, Louis XV, pè. Ibi tí ère Louis XV ti dúró kí wọ́n tó wó o ní ọdún tí ó ṣáájú kò jìnnà sí ibẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ọdún náà, wọ́n fọ́ ìgò òróró mímọ́ ní gbangba ìlú Reims. Ní Párísì, wọ́n gun iwájú kàtídírà Notre-Dame lọ, wọ́n sì gé orí àwọn ère ọba méjìdínlọ́gbọ̀n tí ó tò síbẹ̀, nítorí wọ́n rò pé àwọn ọba ilẹ̀ Faransé ni. Àwọn ọba Júdà ni, àwọn ọmọ Dáfídì, láti inú ìran Olúwa wa. Ní 1977 ni a tó hú mọ́kànlélógún nínú àwọn orí náà jáde nínú ilẹ̀ ní Párísì. Bí ọba bá ti fi àwọ̀ ẹ̀sìn bo ara rẹ̀ fún ọdún púpọ̀, ẹni tí inú bí sí ọba kì í mọ ìyàtọ̀ mọ́: òkúta kan náà ni yóò fi lu àwọn méjèèjì. Ìjọ Àgùdà san gbèsè náà gidigidi. Wọ́n pa àwọn àlùfáà tí ó lé ní ọgọ́rùn-ún nínú ilé àwọn Carmelite ní oṣù kẹsàn-án 1792, wọ́n sì bẹ́ àwọn obìnrin ìsìn mẹ́rìndínlógún ti Compiègne lórí ní oṣù keje 1794. Àwọn tí ó ń pariwo òmìnira kò mọ ibi tí agbára tiwọn parí sí, gẹ́gẹ́ bí Louis XIV kò ti mọ̀ ọ́n.

Síbẹ̀, ohun kan tí ó yẹ ní ìyìn ti inú rúkèrúdò náà jáde. Ní oṣù kejì 1794, ìgbìmọ̀ ní Párísì fi òfin sọ àwọn ẹrú di òmìnira. Jean-Baptiste Belley jókòó níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí aṣojú Saint-Domingue, ọkùnrin dúdú tí ó ti jẹ́ ẹrú, tí ó sì fi iṣẹ́ ọwọ́ ara rẹ̀ ra ara rẹ̀ padà. Ní 1797, Girodet ya àwòrán rẹ̀. Ó wọ aṣọ aṣojú, ó fi ọ̀já aláwọ̀ mẹ́ta di àmùrè, ó sì fara ti ère òkúta funfun ti Raynal, òǹkọ̀wé tí ó ti bu ẹnu àtẹ́ lu òwò ẹrú. Ère náà kú, kò ní àwọ̀. Belley ni ó wà láàyè nínú àwòrán náà, ó gbójú sókè. Èjìká tí òfin 1685 fẹ́ tẹ irin sí ni a wọ̀ ní aṣọ ìyì yẹn.

VI. ẸNI TÍ Ó FI ỌWỌ́ ARA RẸ̀ DÉ ADÉ

Kò pẹ́ tí Napoléon Bonaparte fi gba ìjọba. Ọlọ́gbọ́n ni, ó sì mọ̀ pé a kò lè ṣe àkóso ilẹ̀ náà láìsí ẹ̀sìn. Ní 1801 ó bá Póòpù Pius VII ṣe àdéhùn, ìjọsìn sì padà sí àwọn ilé Ọlọ́run. Ó fún àwọn Pùròtẹ́sítáǹtì náà ní ipò lábẹ́ òfin, èyí sì tọ́ kí a yìn ín fún. Ṣùgbọ́n ní 1802 ó dá oko ẹrú padà. Toussaint Louverture, olórí àwọn dúdú Saint-Domingue, kú sí ẹ̀wọ̀n nínú òtútù òkè Jura ní 1803, Belley náà sì kú sí ẹ̀wọ̀n ní 1805. Àwọn ènìyàn Saint-Domingue kò gbà: ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1804 wọ́n kéde pé àwọn di Haiti.

Ní ọjọ́ 2 oṣù kejìlá ọdún yẹn, ní Notre-Dame, Napoléon di olú-ọba. Póòpù ta òróró sí i, ṣùgbọ́n Napoléon ni ó gbé adé lé ara rẹ̀ lórí, lẹ́yìn náà ó dé Joséphine ìyàwó rẹ̀ ládé. Ayàwòrán David ń wò ó. Àwòrán tí ó fi ọdún bíi mẹ́ta yà fẹ̀ ní mítà mẹ́sàn-án ó lé, ó sì ga ní mítà mẹ́fà ó lé. Ó ti kọ́kọ́ fẹ́ ya Napoléon níbi tí ó ti ń dé ara rẹ̀ ládé. Ó yí i padà sí ìgbà tí ó ń dé ìyàwó rẹ̀ ládé, nítorí pé ojú kì í tètè kọ èyí. Ó ti kọ́kọ́ ya Póòpù pẹ̀lú ọwọ́ lórí eékún; Napoléon ní kí ó gbé ọwọ́ náà sókè bí ẹni tí ń súre. Ó sì ya ìyá Napoléon sí àárín gbùngbùn, ó jókòó, ó ń rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ìyá náà kò wá rárá, Róòmù ni ó wà lọ́jọ́ náà.

Kì í ṣe inú àwòrán nìkan ni ó ti ṣe bẹ́ẹ̀. Ní 1806 a tẹ ìwé ìbéèrè ẹ̀kọ́ ìsìn kan fún gbogbo ọmọdé ilẹ̀ Faransé, nínú èyí tí a kọ́ wọn pé láti bọlá fún olú-ọba àti láti sìn ín ni láti bọlá fún Ọlọ́run fúnra rẹ̀, àti pé ẹni tí ó bá kọ̀ yóò gba ìdálẹ́bi ayérayé. Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà, Póòpù tí David ya tí ó ń súre wà ní ìgbèkùn olú-ọba, kò sì bọ́ títí di 1814.

VII. OHUN TÍ A RÍ KỌ́

Charles X tún gbìyànjú Reims ní 1825, pẹ̀lú òróró tí wọ́n ní ó ṣẹ́kù nínú àfọ́kù ìgò. Ní 1830 ó sá lọ sí ìlú òkèèrè. Ọba tí ó tẹ̀lé e, Louis-Philippe, ni àwọn ayàwòrán yẹ̀yẹ́ sọ orí rẹ̀ di èso píà ti Yúróòpù, tí ìdí rẹ̀ fẹ̀ tí òkè rẹ̀ sì tín-ín-rín. Ó ju Daumier, ọ̀kan nínú wọn, sí ẹ̀wọ̀n ní 1832, ṣùgbọ́n ọmọdé ti ń ya píà sí ara ògiri ìgboro. Ní 1848 ó lọ, ọdún yẹn náà ni oko ẹrú sì parí pátápátá ní àwọn ilẹ̀ tí Faransé ń gbin ìrèké. Ní ọjọ́ 9 oṣù kejìlá 1905, òfin kan ya Ìjọ àti Ìjọba nípá: ìjọba ṣèlérí láti dáàbò bo òmìnira ẹ̀rí ọkàn olúkúlùkù, ó sì ní òun kì yóò sanwó fún ẹ̀sìn kankan. Ọ̀pọ̀ Onígbàgbọ́ sọkún nígbà náà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà náà wá, kò sí olórí kan ní ilẹ̀ náà tí ó tún lè yan bíṣọ́ọ̀bù ní gbogbo àgbègbè tí òfin náà dé.

A kò wí pé kí ẹnikẹ́ni má ṣe bọ̀wọ̀ fún aláṣẹ, nítorí Ìwé Mímọ́ pa á láṣẹ fún wa, a sì ń gbàdúrà fún wọn nínú ilé Ọlọ́run. A kò sì wí pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kí a gbé àwòrán olórí ìlú kọ́ sí ara ògiri. Ohun tí a ń wí ni pé kí a kọ́ láti ka àwòrán náà. Kí a bèèrè ohun tí ó fẹ́ kí a gbà gbọ́, ẹni tí ó fi kún un tí kò sí níbẹ̀, àti ẹni tí ó yọ kúrò tí ó wà níbẹ̀. Kí a bèèrè òfin tí ọwọ́ inú àwòrán náà ń fọwọ́ sí. Aṣọ ńlá kọ́ ni ènìyàn ńlá. Jùlọ, nígbà tí aláṣẹ bá wá sínú ilé Ọlọ́run tí ó fẹ́ kí àlùfáà gbé ọwọ́ sókè kí ó sì súre fún ohun tí kò tọ́, kí àlùfáà rántí ọwọ́ Pius nínú àwòrán David, kí àwọn ọmọ ìjọ sì ràn án lọ́wọ́ láti jẹ́ kí ó wà lórí eékún rẹ̀.

Owó-òde jẹ́ ti aláṣẹ, ẹ jẹ́ kí a san án láìjiyàn. Ṣùgbọ́n Marie Durand nínú ilé ìṣọ́ rẹ̀, àti Nàgó tí kò sí ẹni tí ó kọ orúkọ rẹ̀ sílẹ̀, tí a fi irin gbígbóná tẹ òdòdó ọba sí ní èjìká, wọ́n ti ní àwòrán mìíràn lára kí ọba kankan tó rí wọn. Ẹni tí ó ni àwòrán náà yóò béèrè wọn lọ́wọ́ ẹni tí ó bà á jẹ́.